Àwọn Ará Ojú Fèrèsé

Báàgì tíì kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀
lóṣù Kejìlá, ní ìlú Họ́ọ̀lù, létí odò Họ́ḿbà,
níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù
bí onígbèsè tó rí olówó rẹ̀ lókèèrè.
Mo gbé e lé orí irin amúlégbóná, mo gbàgbé rẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ, ó ti súnkì,
ó rí bí àgbàlagbà tó há sínú kóòtù àbúrò rẹ̀.
Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà."
Kò dáhùn. Mo fi igi ìṣáná méjì ṣe ẹsẹ̀ fún un,
mo fi èèpo ẹ̀pà ṣe bàtà,
kóró ọsàn kan lorí, ó rí ṣóńṣó
bí orí ẹni tó ń ro owó iná.

Láti ọjọ́ náà, n ò mọ ohun tí à ń pè ní pàǹtí mọ́.
Bébà fàdákà ẹ̀yìn káàdì oògùn,
èyí tí a ń tẹ̀ tí hóró fi ń ta jáde,
mo fi dáṣọ fún ọba kan tí kò ga tó èékánná mi.
Èèpo aáyù di ìbòjú ìyàwó.
Ìdérí mílíìkì di adágún, pẹ́pẹ́yẹ kan wà láàárín rẹ̀;
ṣingọ́ọ̀mù tí mo jẹ tán ni pẹ́pẹ́yẹ ọ̀hún,
ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ àárín àwa méjì nìyẹn.
Òwú ìnutí di àgbò. Ó ní ìwo méjèèjì,
nítorí alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo gé èékánná ẹsẹ̀ mi.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi Dégbóyè ni mo ti jogún wèrè yìí,
lẹ́yìn ilé ìdáná wa ní Ìkirè:
agolo sadíìnì ni ara mọ́tò rẹ̀,
sálúbàtà bàbá wa ló gé ṣe táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
Bàbá wá sálúbàtà yẹn kọjá ọ̀sẹ̀ kan.
Wọ́n wo abẹ́ ibùsùn, wọ́n bi aládùúgbò,
mọ́tò náà sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, fààà,
orí sálúbàtà wọn ló ń sáré lé.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru báyìí.
Inú páálí ìṣáná ni mo ń kó wọn sí,
nínú àpò aṣọ iṣẹ́ mi, bí èrò tí kò ní ìwé ìrìnnà.
Mísíìsì Tatasọ́ọ̀lù kò tíì fọhùn láti oṣù Kẹrin.
Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún yọ egungun ẹja nílé iṣẹ́ létíkun,
ìka rẹ̀ ṣì mọ ohun tó kéré.
Lóru Ọjọ́rú kan, oorun kọ̀ ọ́,
mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ lórí tíréè:
ọba, ìyàwó, àgbò, baba oníbáàgì,
àti Mísítà Kirabutíríì, onílé mi,
tí mo fi inú búrẹ́dì mọ,
tí mo fi hóró iyèré méjì ṣe ojú fún.

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yan ẹja.
Ó mú onílé mi ní ìbàdí.
Ó jẹ ẹ́.
Wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ;
ti onílé mi yàtọ̀, ó lọ wọ̀ọ̀, tojú tẹsẹ̀.
Mo di orí mú, mo ń wo ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.
Arúgbó gbé ojú sókè, ó ní,
"Iyọ̀ ò tó."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé òru: Ó jẹ búrẹ́dì díẹ̀.
N ò kọ ẹni tí búrẹ́dì náà jẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, onílé wá wo òrùlé tó ń jò.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú fèrèsé, ó ń wo ọkùnrin kékeré
tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tí iyọ̀ dùn lára rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ta lèyí? Ó mà burẹ́wà o."
Ó na ìka sí i.
Mo ní kó rọra, kó má fọwọ́ kàn án,
oúnjẹ ẹnìkan ni.